Àwọ̀ wo gan-an ni wọ́n kun Phantom 66-7463 ní 1972?

Ìbéèrè tó wọlé nìyí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àjàṣẹ́ ni mo wà. Wọ́n fi maquette (bàálù ike kékeré tí a ń tò pọ̀) F-4D Phantom, bàálù ogun Amẹ́ríkà, ránṣẹ́ sí mi láti Faransé, ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ni pé gígùn bàálù gidi jẹ́ ìlọ́po 72 tirẹ̀. Bàálù 66-7463 tí Steve Ritchie, awakọ̀ ológun Amẹ́ríkà, fi já MiG, bàálù ogun àwọn ọ̀tá, bọ́ ní Vietnam ní 1972 ni mo fẹ́ fi ṣe. Ìwé inú páálí ní kí n lo ọ̀dà Humbrol 116, 117 àti 118 lókè rẹ̀. Mo wá fọ́tò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo rí mẹ́ta tí kò bára wọn mu. Nínú ọ̀kan, àwọ̀ yanrìn rẹ̀ ń fà sí pupa. Nínú èkejì, ó ń fà sí ìyeyè. Nínú ẹ̀kẹta, àwọ̀ ewé rẹ̀ ti di dúdú. Èwo ni òótọ́, kí n lè mọ èyí tí n óò kùn?"

Àbúrò mi, ìbéèrè méjì lo dì pọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jọ pé ọ̀rọ̀ náà kò lójútùú. Èkíní: ọ̀dà wo ni àwọn ológun òfurufú Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n fi kun Phantom tó ń lọ sí Vietnam? Ìyẹn ní ìdáhùn tó dájú, nọ́ńbà ni wọ́n fi kọ ọ́ sílẹ̀, fọ́tò kankan kò sì lè yí i padà. Èkejì: báwo ni bàálù kan ṣoṣo, 66-7463, ṣe rí lọ́jọ́ kan pàtó ní 1972, lẹ́yìn tí oòrùn, òjò, epo àti ọwọ́ àwọn tó ń tọ́jú rẹ̀ ti kàn án lára? Fọ́tò tí a mọ ọjọ́ tí wọ́n yà á nìkan ló lè sọ ìyẹn. Bí o bá bi fọ́tò ní ìbéèrè èkíní, yóò ṣì ọ́ lọ́nà. Bí o bá bi ìwé inú páálí ní èkejì, òun náà yóò ṣì ọ́ lọ́nà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn àwa tó ń kọ́ maquette ti ń bẹ̀rẹ̀: ẹnì kan ń sọ ohun tó wà nínú agolo, ẹnì kejì ń sọ ohun tí oòrùn ṣe sí i.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti agolo. Amẹ́ríkà ní ìwé àwọ̀ ìjọba kan, Federal Standard 595, FS la máa ń pè é ní kúkúrú. 1956 ló kọ́kọ́ jáde. Wọ́n tún un ṣe lẹ́yìn náà, ní 2017 ó sì kúrò lọ́wọ́ ìjọba lọ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ SAE, tó sọ ọ́ di AMS-STD-595. Àwọn nọ́ńbà tí a mọ̀ ni wọ́n ṣì ń lò níbẹ̀. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ní fígọ̀ márùn-ún, ó sì yẹ kí o mọ bí a ṣe ń kà wọ́n. Èyí tó ṣáájú ń sọ dídán: 1 ń dán, 2 ń dán díẹ̀, 3 kò dán rárá. Èyí tó tẹ̀ lé e ń sọ ìdílé àwọ̀: 0 ni àwọ̀ ilẹ̀, 1 pupa, 2 ọsàn, 3 ìyeyè, 4 ewé, 5 aró, 6 eérú, 7 funfun, dúdú àti àwọ̀ irin. Mẹ́ta tó kù ń lọ láti orí ohun tó ṣú sí ohun tó mọ́, bí nọ́ńbà náà ṣe ń pọ̀ sí i. Phantom ti Vietnam, gẹ́gẹ́ bí ìwé àṣẹ Technical Order 1-1-4, gba 30219, 34102 àti 34079 lókè, ó gba 36622 lábẹ́. Kí o tó rí àwọ̀ kankan lójú, o ti lè kà á níbẹ̀ pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò dán, pé ọ̀kan jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀, méjì jẹ́ ewé, pé 079 ṣú ju 102 lọ, àti pé eérú abẹ́ rẹ̀ mọ́ gan-an. Humbrol 118 ni 30219, 117 ni 34102, 116 ni 34079. Nítorí náà, ìwé inú páálí rẹ kò ṣì ọ́ lọ́nà lórí ọ̀dà. Bí o bá rí ti Mr. Hobby dípò Humbrol, H310, H303 àti H309 ni kí o bèèrè ní títẹ̀lé ètò kan náà, kí o sì mú H311 fún abẹ́.

Ohun tí yóò yà ọ́ lẹ́nu ni pé bí o bá kun 34102 ti Humbrol àti ti Mr. Hobby sórí pépà kan náà, wọn kò ní bára mu gégé. Ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣe ọ̀dà máa ń fi funfun díẹ̀ sí tirẹ̀ nítorí pé maquette kéré, òmíràn ń po ó gẹ́gẹ́ bó ṣe rí nínú ìwé FS, àgbá ọ̀dà kan sì lè yàtọ̀ díẹ̀ sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí o ra mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Ohun tí ojú ń kà lórí maquette ni bí àwọ̀ kan ṣe dúró sí èkejì: bí yanrìn ṣe mọ́ ju ewé àárín lọ tó, àti bí ewé dúdú ṣe jìnnà sí ewé àárín. Bí ìbátan yẹn bá pé, ẹni tó mọ Phantom yóò dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀, kódà bí gbogbo wọn bá mọ́ díẹ̀ ju ti ìwé lọ. Bí o bá mú yanrìn lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń fi funfun sí i, tí o mú ewé lọ́dọ̀ èyí tí kì í fi sí i, ìbátan náà bàjẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà FS tòótọ́ ló wà lára agolo méjèèjì.

Má ṣe gbára lé àwọ̀ orí kọ̀ǹpútà tàbí ti fóònù fún ìbéèrè èkíní. Àwọn tábìlì tó ń yí nọ́ńbà FS sí àwọ̀ orí ìbòjú kì í bára wọn mu, nítorí pé kò sí ìbòjú méjì tí wọ́n tò bákan náà, ìbòjú ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ nígbà tí ọ̀dà ń dá ìmọ́lẹ̀ padà, ọ̀dà tí kò dán sì ń mọ́ lójú ju ọ̀dà kan náà tó ń dán lọ. Ègé àwọ̀ gidi, tàbí agolo tí o mọ nọ́ńbà rẹ̀ tí o ti kun sórí ike tí o sì jẹ́ kó gbẹ fún wákàtí 24, ni kí o fi ṣe òṣùwọ̀n. Wò ó lábẹ́ òjìji ní ìta láàárín òwúrọ̀, kì í ṣe lábẹ́ iná LED inú yàrá. Ọ̀dà méjì lè bára mu lábẹ́ iná kí wọ́n sì yapa lójú ọ̀sán, nítorí pé èròjà tí wọ́n fi pò wọ́n yàtọ̀.

Ó wá kan àwọn fọ́tò mẹ́ta rẹ. Kodachrome, fíìmù tí ọ̀pọ̀ ológun Amẹ́ríkà lò nígbà yẹn, kì í tètè ṣá bí wọ́n bá tọ́jú rẹ̀ sínú òkùnkùn, ṣùgbọ́n ó máa ń mú kí ibi tó ṣú túbọ̀ ṣú. Ewé 34079 tó bá bọ́ sábẹ́ òjìji yóò di dúdú lórí rẹ̀, irú ohun tí o rí nínú fọ́tò kẹta nìyẹn. Ektachrome ayé ìgbà náà ní tirẹ̀ ń pàdánù èròjà aró inú rẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún, bí aró bá sì ti lọ, gbogbo àwòrán a fà sí pupa. Wo ilẹ̀ kọ̀ǹkéré, ojú ọ̀run àti awọ àwọn ènìyàn tó dúró nítòsí: bí àwọn náà bá fà sí pupa, fíìmù ló ṣá, kì í ṣe bàálù. Ìyeyè inú fọ́tò kejì lè ti inú oòrùn ìrọ̀lẹ́ wá, ó sì lè jẹ́ ẹ̀rọ tó ya fọ́tò náà sínú kọ̀ǹpútà ló tún àwọ̀ ṣe bó ṣe fẹ́. Wo òjìji: bí ó bá gùn nílẹ̀, ìrọ̀lẹ́ tàbí òwúrọ̀ kùtùkùtù ni.

Ọ̀nà wà láti dán fọ́tò wò. Wá ohun tí a mọ àwọ̀ rẹ̀ nínú rẹ̀. Lára Phantom, ìràwọ̀ àmì orílẹ̀-èdè funfun, ara mísáìlì Sparrow funfun, inú ihò táyà funfun, lẹ́tà ìrù náà funfun. Ṣí fọ́tò náà nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà fún títún fọ́tò ṣe tó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí o sì sọ fún un pé kí ó ka ara mísáìlì yẹn sí funfun. Gbogbo àwọ̀ yóò sún padà pọ̀. Fi ìràwọ̀ dán an wò lẹ́yìn náà. Bí méjèèjì bá fún ọ ní èsì kan náà, o lè fọkàn tán an díẹ̀. Bí wọn kò bá bára mu, ọ̀kan dọ̀tí tàbí ó wà ní òjìji, kí o fi fọ́tò náà sílẹ̀ ní ti àwọ̀, kí o máa lò ó fún ìlà àti àmì nìkan. Bó ti wù kí o tún un ṣe tó, fọ́tò kò ní sọ fún ọ pé 30219 ni àbí òmíràn. Ohun tí ó lè sọ dáadáa ni pé yanrìn ti ìyẹ́ òsì mọ́ ju ti ẹ̀yìn lọ, pé wọ́n lẹ ewé tuntun mọ́ ẹ̀gbẹ́ imú, pé ẹsẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ti ha gbòǹgbò ìyẹ́. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ni kí o máa gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣọ́ra wà lórí bàálù tìrẹ gan-an. 66-7463 ṣì wà: ó dúró ní ìta gbangba ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀gá ológun òfurufú Amẹ́ríkà ní Colorado, fọ́tò rẹ̀ níbẹ̀ sì pọ̀ ju ti Táílándì lọ. Ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ níbẹ̀ kì í ṣe ti 1972. Bàálù ìrántí tó ń gba oòrùn àti yìnyín ni wọ́n máa ń tún kùn láti ìgbà dé ìgbà, pẹ̀lú ọ̀dà tó bá wà lọ́wọ́, àwọn tó kùn ún sì lè fẹ́ kí ó dán kí ó lè pẹ́. Wọ́n tún lè fi gbogbo ìràwọ̀ MiG tí bàálù náà gbà láyé rẹ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Lò ó fún ibi tí ìlẹ̀kùn àti ihò wà, má lò ó fún àwọ̀ tàbí fún bí etí àwọ̀ ṣe rí.

Ọjọ́ ló ń pinnu ohun gbogbo. Bàálù yìí wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ 555 ní Udorn ní Táílándì, lẹ́tà ìrù rẹ̀ ni OY. Ritchie àti Charles DeBellevue, tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀, já MiG àkọ́kọ́ wọn bọ́ nínú rẹ̀ ní 10 oṣù Karùn-ún 1972, inú rẹ̀ náà ni Ritchie wà ní 28 oṣù Kẹjọ ọdún yẹn nígbà tó já ẹ̀karùn-ún tirẹ̀ bọ́. Ìràwọ̀ pupa kéékèèké tí wọ́n ń kùn sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ń fa atẹ́gùn ń pọ̀ sí i bí oṣù ti ń lọ, ó sì pé mẹ́fà nígbẹ̀yìn. Bí o bá kun maquette ti oṣù Karùn-ún kí o sì lẹ ìràwọ̀ mẹ́fà mọ́ ọn, àṣìṣe nìyẹn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ọ̀dà rárá, òun sì ni ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò kọ́kọ́ rí. Mú ọjọ́ kan kí o tó ṣí agolo. Ọjọ́ náà ló tún ń gbà ọ́ lọ́wọ́ ìdàrúdàpọ̀ ìlànà. Àwọn F-4C tó wà lójú ogun Vietnam ní 1965 ṣì wọ eérú 16440 lókè àti funfun 17875 lábẹ́, kí àṣẹ àwọ̀ ìfarapamọ́ tó kàn wọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọ̀ mẹ́ta òkè yí ká dé abẹ́, eérú 36622 sì parẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ìlànà àwọ̀ tuntun tí wọ́n pè ní European One dé, 34102, 34092 àti 36081, kò sí yanrìn níbẹ̀ rárá. Fọ́tò Phantom tí yanrìn rẹ̀ yí dé abẹ́ kò lè jẹ́ ti 1972, ohun yòówù kí àlàyé abẹ́ rẹ̀ wí.

Bí o bá ń wá fọ́tò, nọ́ńbà ni kí o máa wá, má wá orúkọ. Kọ "66-7463", kọ "66-463" pẹ̀lú, torí pé fígọ̀ mẹ́ta ìkẹyìn ló hàn gàdàgbà lára ìrù, àwọn kan sì máa ń kọ ohun tí wọ́n rí. Fi "555th", "Udorn" àti "1972" kún un. Fọ́tò tí àwọn ológun Amẹ́ríkà fúnra wọn yà kò ní ẹ̀tọ́ àdàkọ, ibi ìkóhunpamọ́ ìjọba wọn sì gbé púpọ̀ jáde. Tọ́jú gbogbo èyí tí o bá rí sínú àpò kan, kí o fi ọjọ́ àti ibi tí wọ́n yà á ṣe orúkọ fáìlì, má ṣe fi orúkọ kọ̀ǹpútà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ra fún fọ́tò tí wọ́n yí sódì. Bí lẹ́tà bá wà nínú rẹ̀, wàá rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n bá gé e débi pé kò sí lẹ́tà, wá àtẹ̀gùn tó ń jáde láti ara bàálù: apá òsì ló wà lára Phantom. Bí o bá rí i ní apá ọ̀tún, wọ́n yí i sódì, àwòrán àwọ̀ rẹ̀ yóò sì dárí rẹ sí ẹ̀gbẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀, nítorí pé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kò bára mu.

Èyí ló ń mú mi dé orí bí àwọ̀ ṣe pín. Ìlànà náà fi àwòrán kan lélẹ̀ fún gbogbo F-4, ṣùgbọ́n ènìyàn ló fi ọwọ́ fọ́n ọ̀dà, ìlà kan lè ga ju ti bàálù kejì lọ. Ìwé inú páálí máa ń fi ẹ̀gbẹ́ òsì àti òkè hàn dáadáa, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti abẹ́ kì í sábà rí àyè tó. Sọ àwòrán náà di títóbi tó bá maquette mu: F-4D gùn ní mítà 17.76, ìyẹn jẹ́ mílímítà 247 ní 1/72. Fi rúlà wọn ti inú ìwé láti imú dé ìrù. Bí ó bá jẹ́ 160, pín 247 sí 160, fọtokopí tó jẹ́ 154 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí o ní kí wọ́n ṣe fún ọ. Ilé fọtokopí èyíkéyìí ní Àjàṣẹ́ lè ṣe é sórí pépà A3. Ṣe méjì, ọ̀kan tí wàá gé fún ìbòjú ọ̀dà, ọ̀kan tí wàá máa kọ àtúnṣe sí bí fọ́tò bá ta ko ìwé. Níbi tí wọ́n bá ti ta ko ara wọn, fọ́tò bàálù náà gan-an ló borí.

Etí àwọ̀ rọ̀ lára Phantom yìí, bó ṣe rọ̀ tó sì ṣeé wọ̀n. Bí a bá wọn táyà ńlá F-4 láti ẹ̀gbẹ́, etí kan sí èkejì jẹ́ ínṣì 30, ìyẹn mílímítà 762. Wá fọ́tò tí wọ́n yà láti ẹ̀gbẹ́ gangan. Ká ní táyà náà jẹ́ mílímítà 24 lórí fọ́tò, tí ibi tí àwọ̀ ti ń wọnú ara wọn jẹ́ 2, ìyẹn jẹ́ nǹkan bí mílímítà 63 lára bàálù gidi. Pín in sí 72, ó kù díẹ̀ kó pé mílímítà 0.9. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ rere jẹ́: wọn a fọ́n aérographe (ẹ̀rọ kékeré tó ń fọ́n ọ̀dà) lọ́wọ́ òfìfo, láìlo pépà, títí etí á fi fẹ̀ ní mílímítà 3 tàbí 4, bàálù á wá dà bí èyí tí kurukuru bò. Gé pépà fọtokopí náà, yí patafix (ohun rírọ̀ tó ń lẹ̀ bí àmọ̀) ní tẹ́ẹ́rẹ́ tó ga ní mílímítà 1 sábẹ́ rẹ̀, mílímítà 2 sẹ́yìn etí, kí pépà má lẹ̀ mọ́ ara. Fọ́n ọ̀dà láti òkè tààrà, ní agbára bí bar 1, láti nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5. Bí o bá tẹ aérographe sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀dà á wọ abẹ́ pépà, etí náà á sì fẹ̀. Bí o kò bá ní aérographe, fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ìpele mẹ́ta tó ṣàn dáadáa. Etí líle ní 1/72 kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó burú, ó sàn lójú tèmi ju etí tó fẹ̀ kọjá ìwọ̀n lọ.

Nípa ṣíṣá: ẹni méjì tó dá aṣọ ẹbí láti ara ìgàn kan náà, tí ọ̀kan ń wọ tirẹ̀ lọ sóko tí èkejì fi tirẹ̀ sínú àpótí, kò ní gbé àwọ̀ kan náà jáde lọ́dún tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn Phantom yìí. Ọ̀dà àsìkò náà kò lágbára níwájú oòrùn àti òjò Táílándì. Yanrìn ń funfun, ewé àárín ń di eérú-eérú, ewé dúdú ń pàdánù jíjìn rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ sì ń lẹ ọ̀dà tuntun mọ́ ibi tó bá bó. Nítorí èyí, má ṣe po ṣíṣá náà mọ́ ọ̀dà inú agolo. Kùn ún bí ìwé ṣe wí, lẹ́yìn náà po ọ̀dà kan náà pẹ̀lú ọ̀dà àwọ̀ yanrìn díẹ̀, kí ó ṣàn bí omi, kí o sì fọ́n ọn fẹ́ẹ́rẹ́ sí àárín àwọn páńẹ́lì òkè nìkan, ibi tí oòrùn ń bá. Abẹ́ kì í ṣá bẹ́ẹ̀, epo àti èéfín ló ń bà á jẹ́.

Ọ̀rọ̀ pé maquette kéékèèké gbọ́dọ̀ mọ́ ju bàálù gidi lọ ní òótọ́ nínú, nítorí pé ohun tí a bá wò láti òkèèrè máa ń ṣú kéré lójú. Àwọn kan ń fi funfun 15 nínú ọgọ́rùn-ún sí ọ̀dà 1/72. Mo rò pé ó pọ̀ jù fún àwọ̀ mẹ́ta yìí. Ẹ̀kán 1 sínú ẹ̀kán 10 ti tó láti bẹ̀rẹ̀, bó bá sì jẹ́ ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ti fi funfun sí tẹ́lẹ̀, má fi nǹkan kan sí i. Má fi funfun gidi sí ewé, yóò dà bí ẹfun. Yanrìn 30219 tàbí ìyeyè tó rọ̀ ni kí o fi là á. Ṣe àyẹ̀wò lórí ègé grappe (férémù ike tí àwọn ègé maquette so mọ́), jẹ́ kó gbẹ kí o tó dájọ́ rẹ̀: ọ̀dà akírílíìkì ń ṣú sí i bí ó bá gbẹ, ti olóròóró tí kò dán sì máa ń mọ́ díẹ̀.

Ojú ọjọ́ ọ̀dọ̀ wa náà ní ọwọ́ nínú àwọ̀. Ní Àjàṣẹ́, lẹ́bàá ọ̀sà, ní ìgbà òjò, ọ̀dà tí a fi diluant cellulosique (omi líle tí a fi ń la ọ̀dà) là máa ń funfun lójú bí ó bá ń gbẹ, torí omi inú afẹ́fẹ́ ń wọ inú rẹ̀. Duro di ọ̀sán tí ilẹ̀ bá gbẹ, tàbí kí o fi diluant tó ń pẹ́ gbẹ sí i. Ní Kétu tàbí Sábẹ nígbà ọyẹ́, òdìkejì ló ń ṣẹlẹ̀: ọ̀dà ń gbẹ kí ó tó kan ike, ojú rẹ̀ á rí ṣákaṣàka bí iyẹ̀pẹ̀, eruku á sì bá a. Là á sí i, sún mọ́ ọn, kí o sì dé e mọ́ inú páálí bí o bá ti kùn ún tán. Bí o bá fẹ́ lo ọ̀dà mọ́tò tí wọ́n ń pò ní Kútọnu, mọ̀ pé diluant rẹ̀ ń yọ́ ike: apprêt (ọ̀dà ìpìlẹ̀) ni kí o kọ́kọ́ fọ́n, lẹ́yìn náà ìpele fẹ́ẹ́rẹ́ fẹ́ẹ́rẹ́, kí o sì mú ègé tí o fi Humbrol kùn lọ fún ẹni tó ń po ọ̀dà kí ó fi ojú rí ohun tí o ń fẹ́. Eérú abẹ́ ni kí o kọ́kọ́ kùn, kí yanrìn tẹ̀ lé e, kí ewé àárín tẹ̀ lé yanrìn, kí ewé dúdú gbẹ̀yìn, torí ohun tó ṣú ń bo ohun tó mọ́ dáadáa. Fi vernis (ọ̀dà tí kò ní àwọ̀) tó ń dán bò ó kí o tó lẹ décalque (àwọn àmì àti lẹ́tà inú páálí), bí bẹ́ẹ̀ kọ́ afẹ́fẹ́ á há sábẹ́ rẹ̀, ibẹ̀ á sì máa tàn bí fàdákà. Vernis tí kò dán ló ń parí rẹ̀.

Àwọn ibi tí ìfarapamọ́ kò dé wà pẹ̀lú. Inú ihò táyà àti ẹsẹ̀ bàálù jẹ́ funfun. Ibi tí àwọn awakọ̀ ń jókòó jẹ́ eérú 36231. Abẹ́ ìrù, lẹ́yìn ihò iná, jẹ́ irin tí wọn kò kùn nítorí ooru, àwọ̀ rẹ̀ sì ń yàtọ̀ láti páńẹ́lì kan sí èkejì. Imú ni kí o wò dáadáa nínú fọ́tò ọjọ́ rẹ, kí o má fọkàn tán ìwé lórí rẹ̀.

Ohun tí mo ti sọ yìí rọrùn fún Amẹ́ríkà nítorí FS wà. Gẹ̀ẹ́sì ní BS 381C, Jámánì ní RAL, wọ́n ṣeé lò bákan náà. Ṣùgbọ́n bí o bá fẹ́ kọ́ Jaguar Faransé tó ti Bangui lọ kọlu Ouadi Doum ní Ṣáàdì ní 16 oṣù Kejì 1986, ọ̀nà náà á yí padà. Yanrìn àti àwọ̀ ilẹ̀ ni wọ́n wọ̀, ṣùgbọ́n ìwé àwọ̀ ilẹ̀ Faransé kò tàn káàkiri bíi FS, nọ́ńbà FS tí o bá rí nínú páálí Jaguar jẹ́ ohun tí ẹnì kan fi ojú wọ̀n. Níbẹ̀, fọ́tò ni yóò ṣe iṣẹ́ agolo: kó fọ́tò tó tó márùn-ún jọ láti ọwọ́ àwọn ayàwòrán ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tún wọn ṣe sórí funfun àmì orílẹ̀-èdè wọn, po yanrìn àti àwọ̀ ilẹ̀ lórí ike kan náà títí ìyàtọ̀ àárín wọn yóò fi bá èyí tó wọ́pọ̀ jù nínú márààrún mu. Kọ ìwọ̀n ẹ̀kán tí o lò sílẹ̀ kí o tó kùn ún, torí pé agolo rẹ lè tán kí ìyẹ́ kejì tó pé.